Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà sí Àgbà

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lókè, àwọn ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọn kò sì gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà ni. Òórùn kánfọ̀ ń jáde lára ìró rẹ̀, òórùn ìpara pupa tí wọ́n fi ń dán símẹ́ńtì sì ń bọ̀ láti ilẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ojú rẹ̀, mo sì kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

"Gbà á," ó wí.

Mi ò gbà á. Mo kúnlẹ̀.

Ní ilé wa, ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kò sì gbọ́dọ̀ fi na nǹkan sí i. Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá àgbà, kì í pariwo lórí rẹ̀. Yóò kàn fi orí ọmọ orógùn kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá kún fún ẹrù, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, a ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Wọn kò kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí àgbà fúnra rẹ̀ bá na òsì sí wa, tó ní kí a gbà á.

Màmá tó na ọwọ́ sí mi náà wò mí lórí ìkúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ẹni tó kọ́ mi, ó sì kọ́ mi dáadáa. Ó ní ní ojúde, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n má yí i padà. "Ṣùgbọ́n lórí símẹ́ńtì tèmi yìí," ó wí, "ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Dìde, orúnkún rẹ ń pa ìpara mi rẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti gorí ọ̀sán yẹn. Mo ti di ìyá, mo sì mọ̀ pé ìyá aláàníyàn ni mí. Àwọn ará ilé mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewé bá já lu ọmọ mi, màá béèrè igi tó ti já wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ọmọ mi obìnrin, tó kù díẹ̀ kó parí ilé-ìwé girama, sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ́ ijó bọ́ọ̀lùrúùmù. Ijó náà kò bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ tí màá fi ọmọ mi lé ló bà mí lẹ́rù. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń rántí Màmá yìí lójoojúmọ́, pàápàá ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹbí wa. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní òpópónà tó lọ sí téṣàn rélùwéè l'Ọ́fà. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe gáàdì rélùwéè nígbà ayé rẹ̀. Òun ni í máa ju àsíá kí ọkọ̀ tó gbéra. Iṣẹ́ yẹn gbé àwọn méjèèjì dé Kàdúná, ó gbé wọn dé Sáríà, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ọ̀fà, tó jẹ́ ìlú ọkọ. Sáríà ni wọ́n ti kọ́ ijó náà, nínú kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè: wọ́ọ̀sì àti fọ́sítúrọ́ọ̀tù, ijó tí ènìyàn méjì ń di ara wọn mú jó yí yàrá ká. Nígbà tí mo fi gbọ́n dé ibi tí mo lè máa ṣàkíyèsí ènìyàn, ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ìyá mi jẹ́ tíṣà ní Ìjagbó, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rí ọkọ̀ padà. Ìyá àgbà máa ń wà ní oko ọ̀dùnkún rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń wà títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi níbẹ̀ ni kí n máa fi èèpo àgbọn dán ilẹ̀ pálọ̀. Mo fẹ́ràn ìró rẹ̀, ó ń hó wìì bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ́n feere láti ọ̀nà jíjìn, àti bí pupa símẹ́ńtì náà ṣe ń jí díẹ̀díẹ̀ títí tí màá fi rí òjìji fèrèsé nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn, nítorí pé ilẹ̀kùn Màmá kì í wà ní títì lọ́sàn-án. Mo bá a láàárín pálọ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni di ènìyàn mú, ẹnikẹ́ni kò sì sí níbẹ̀. Ó ti di ojú. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ra ilẹ̀ láìdún, ó ń kọrin kan láti imú. Àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òkú gáàdì ló ń bá a jó. Mi ò sá. Ó la ojú, ó rí mi, kò sì ta gìrì. Ó ní ọmọ tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà wo ijó ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹni tó ń jó lọ́wọ́; kí n yáa wọlé tàbí kí n máa lọ. Mo wọlé. Ìgbà náà ló na ọwọ́ sí mi.

Mo gba ọwọ́ náà níkẹyìn, nítorí pé ó dúró. Kò fà mí, kò sì ká ìka rẹ̀ kò. Ọwọ́ náà kàn wà níbẹ̀ títí tí ọwọ́ ọ̀tún mi fi lọ bá a. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé kí n gbé ọwọ́ òsì tèmi lé òkè apá rẹ̀, nítòsí èjìká, bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mo máa ń gbé e lé e, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó balẹ̀. Ó máa ń bi mí bóyá èéfín ni òun.

Bí ó ṣe kọ́ mi nìyí. Mo máa ń bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi. Yóò wọ́n páúdà díẹ̀ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì dà pọ̀ mọ́ ti ìpara. Gírámafóònù kan wà ní igun, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ tipẹ́, nítorí náà imú Màmá ni orin wa. Fún wọ́ọ̀sì, ó máa ń kà á sí mi létí: "Ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́. Èjì, gùn ún. Ẹ̀ta, dúró lórí rẹ̀." Ó ní kí orúnkún mi rọ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ kí àgbà ṣùgbọ́n tó yí ọkàn padà, kí n wá dìde sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní kí ọrùn mi gùn bíi ti lékèélékèé, kí n sì kọ ojú sí apá òsì bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe òun láti ilé kejì. Obìnrin ló sábà máa ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ijó náà. Èmi kò sì lè fi ẹ̀yìn rìn kí n má bojú wẹ̀yìn.

"Má wẹ̀yìn," á wí. "Ẹ̀yìn ò sá lọ."

Rélùwéè ni wàhálà wa. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú àwọn ife gíláàsì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọn á máa gbọ̀n ṣìnṣìn, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ìlù ọkọ̀ ojú irin, mẹ́rin mẹ́rin ló ń lọ, ti wọ́ọ̀sì sì jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta. Màmá kì í bá a jà. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, yóò yí ijó padà lójú ẹsẹ̀, yóò bọ́ sínú fọ́sítúrọ́ọ̀tù: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, kíá-kíá. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, kíá-kíá." Ó ní rélùwéè kò kàwé púpọ̀, fọ́sítúrọ́ọ̀tù nìkan ló mọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ti kọjá, a ó padà sí wọ́ọ̀sì. Títí dòní, bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lọ́nà tí abẹ́ ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, ara mi máa ń fẹ́ yí ijó padà.

Àwọn ọmọ àdúgbò kò pẹ́ tí wọ́n fi wá wa wá sí ojú fèrèsé. Ọ̀fà ni a wà. Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ìjàkadì lorò, kí ni ọmọdé yóò rò bó bá rí ènìyàn méjì tí wọ́n di ọwọ́ àti èjìká ara wọn mú? "Màmá, ẹ dá a o!" ni ọ̀kan máa ń wí. Òmíràn á ní kí n wá ẹsẹ̀ Màmá, kí n fi tèmi kọ́ ọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọn kò parọ́. Bí èmi fúnra mi ṣe ń dì í mú nìyẹn. Ìdìmú kan ṣoṣo tí mo tíì rí rí ni ti àwọn ọkùnrin tó ń jà lójú agbo. Mo máa ń fún ọwọ́ Màmá pa, mo sì máa ń gbé gbogbo agbára sí èjìká, n kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ja ìlẹ̀kẹ̀ lára òwú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti fi wọn gbogbo ènìyàn láti ìgbà náà.

"Nínú ìjàkadì, o di ènìyàn mú kó lè ṣubú. Níbí, o dì í mú kó má baà ṣubú. Ọwọ́ kan náà ni. Ohun tí ọwọ́ ń fẹ́ ló yàtọ̀."

Ìyá mi wá wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé fi wà ní ṣíṣí tí gbogbo ọmọ òpópónà ń wò wá bíi sinimá. Màmá dá a lóhùn pé ijó tí a bá ní láti tilẹ̀kùn ká tó lè jó o, ijó kọ́ nìyẹn. Ó ní àwọn tó kọ́ òun ní Sáríà kò tilẹ̀kùn, òun náà kò ní í tì í. Nígbà yẹn, mo rò pé ooru ló ń mú un.

Mo dàgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o, nítorí pé ènìyàn kúkúrú ni, àgbà sì ti ń fà á sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi ní apá ti ọkùnrin: ẹsẹ̀ òsì ni yóò kọ́kọ́ lọ síwájú, gìgísẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yóò wà ní egungun ẹ̀yìn obìnrin, kì í ṣe ìbàdí, ọkùnrin ni yóò sì máa wo ọ̀nà fún ẹni méjèèjì. Mo rò pé ó ń kọ́ mi kí n lè mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe ni. Mi ò mọ̀ pé ó ní ìdí tirẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku ti bo ojú fèrèsé, ètè gbogbo ènìyàn sì ti là. Màmá ti fi àdí pa orúnkún rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba pálọ̀. Ó jókòó lórí àga, ó wò mí bí mo ti ń dán ilẹ̀ títí mo fi parí, ó wá dìde. Ó wá dúró níwájú mi, ó ju ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kò sì nà án.

"Lónìí," ó wí, "ìwọ ni kí o mú mi jó."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi. Nínú ijó náà, ọwọ́ òsì ọkùnrin ni obìnrin ń gbé ọwọ́ lé. Bí èmi bá jẹ́ ọkùnrin, èmi ni màá na òsì. Sí àgbà. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré. Mo na ọwọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ó ti máa ń na tirẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá, ọwọ́ òsì ni."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e. Awọ rẹ̀ gbẹ, ó sì fúyẹ́ bí ewé.

"Ọwọ́ tó bá dì mí mú kí n má ṣubú," ó wí, "kò sí òsì nínú rẹ̀."

Ó di ojú. Mo gbé ẹsẹ̀, ó sì ti lọ kí n tó tì í, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí ó ṣe ń jó nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó ń kọ́ mi, tíṣà ni mo ń rí. Ẹlòmíràn ni mo dì mú yìí, obìnrin kan tó kéré sí ẹni tí mo mọ̀, tó ń mí sókè bí orin bá gùn, tó ń mí sílẹ̀ bí orin bá sọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lu kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wẹ̀yìn. Mo yí i padà ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, ó sì rẹ́rìn-ín láìla ojú.

A ń lọ sí igun kejì nígbà tí Ìyá àgbà wọlé. Ó ti oko dé, ó sì gbé abọ́ ọ̀dùnkún sísè wá fún Màmá, bó ti máa ń ṣe. Ó dúró.

"Kí ni mò ń wò yìí? Òsì? Ta lo na òsì sí?"

Mo fẹ́ jáwọ́. Màmá fi ìka rẹ̀ tẹ tèmi. "Má fi mí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà," ó sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé igun yẹn ná."

"Ẹ̀yin lẹ ó bà á jẹ́ fún mi. Bó bá dọ̀la, á fi òsì gbé omi fún ọba."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́." A ti dé igun náà, mo sì yí i. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá wọn, èmi ni mò ń di ènìyàn mú. Mo di ọmọ mú, mo di ọmọ ọmọ mú, mo di tiyín yìí mú. Ẹnì kan ò di èmi mú."

Opó ni Ìyá àgbà náà. Mi ò tíì ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ rí títí di ìṣẹ́jú náà. Ó gbé abọ́ lé orí gírámafóònù, ó jókòó sétí àga, ó sì ń wo ẹsẹ̀ wa.

"Ẹ parí rẹ̀, kí ọ̀dùnkún má baà tutù."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ife bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Rélùwéè ń bọ̀. Mo ti ń múra láti yí ijó padà sí fọ́sítúrọ́ọ̀tù, bí a ti máa ń ṣe. Màmá mirí. "Jẹ́ kó máa lọ," ó wí. Ọkọ̀ náà kọjá pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, ilẹ̀ ń lù lábẹ́ wa, àwa sì ń lọ mẹ́ta mẹ́ta lórí rẹ̀ títí a fi padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó la ojú, ó wo yíká pálọ̀ bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní téṣàn tí kò dé tipẹ́. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ fún mi, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti ń ṣe ní ìparí ijó náà. Èmi, ọmọdé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí ọkùnrin ń ṣe. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Kò sọ fún ìyá mi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbé omi fún un, ó kàn wo ife náà, ó wo ọwọ́ mi. "Ọ̀tún lèyí àbí òsì?" ó wí. "Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà mọ́."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọmọ Màmá fi wá mú un lọ sí Jọ́ọ̀sì, kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn dírẹ́bà ló jókòó sí, nítorí náà ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó nà án jáde, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Mo gbé tèmi lé e, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín tán ni a tó gbọ́ pé ó kú. Wọ́n ti lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ pálọ̀ yẹn báyìí, wọ́n sì ń ta ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo wọlé lọ́dún tó kọjá bí ẹni fẹ́ ra ṣájà. Mo fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀ díẹ̀. Táìsì náà tutù, kò sì mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ilé-ìwé girama, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò máa kọ́ mi lọ. Ọkùnrin kan ń kọ́ni nínú gbọ̀ngàn ilé ìtura kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí kò sí nínú ijó, ó sì máa ń ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo. N kò padà lọ. Obìnrin kan tó kọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀ mọ orúkọ gbogbo nǹkan, ó mọ ibi tí igun ẹsẹ̀ yẹ kó kọjú sí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń sọ gbogbo wa di igi. Ìbàdàn ni mo ti rí àwọn tó dára, tọkọtaya kan tí orí wọn ti funfun. Ìyàwó ló tún ọrùn mi ṣe, tó jẹ́ kó yé mi pé inú ìhà ni gígùn ọrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ló fi hàn mí pé ọkùnrin kì í fi ọwọ́ yí obìnrin, ara rẹ̀ ló fi ń yí i. Mo kọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó lọ bá àwọn ọmọ wọn ní òkè òkun. Lẹ́yìn wọn, fíìmù orí fóònù ni mò ń wò. Ó ń fi ẹsẹ̀ hàn mí dáadáa, ṣùgbọ́n fóònù kò lọ́wọ́.

Gbogbo wọn pátá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá na ọwọ́ sí mi ni mo máa ń wò. Aránṣọ ni mí. Mo mọ aṣọ tó bá ara mu, mo sì mọ èyí tó fún ènìyàn pa.

Olùkọ́ tí ọmọ mi fẹ́ lọ bá yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pẹ́ tó jáde ní pólì. Ní Sátidé ló ń kọ́ni, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi ọmọ mi léèrè títí ó fi sú u: ta ló tún ń wá, fèrèsé ha wà níbẹ̀, ṣé àgbàlagbà kan máa ń wà nítòsí? Ó ní, "Mọ́mì, ijó ni, kì í ṣe ìrìn àjò." Mo ní kò sí ìyàtọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ fúnra mi.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà tì í. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan, tí mo gbọ́ pé láti Òjòkú ló ti ń wá, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ na ọwọ́ òsì sí i. Ọmọ náà wo ọwọ́, ó kó tirẹ̀ sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo di etí bẹ́ńṣì mú. Gbogbo ohun tí mo wá wò kò ju èyí lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fà á. Kò bú u ní ará oko. Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, kò lọ síwájú, kò sì padà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú," ó wí fún ọmọ kékeré yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, "òsì ni." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á.

Mo jáde síta, mo dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò títí ojú mi fi gbẹ. Mo sọ fún ọmọ mi pé ó lè máa lọ. Títí di ìsinsìnyí, mo ṣì máa ń bá a lọ, lábẹ́ igi yẹn ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú aṣọ tí mò ń fi ọwọ́ rán. Ó ti sọ fún mi pé èmi nìkan ni ìyá tó máa ń wá. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ mi fẹ́ràn ibòji ibẹ̀.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun tán. Ọmọ mi sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní ọkùnrin kò pọ̀ nínú kíláàsì wọn, nítorí náà wọ́n ti ń kọ́ òun ní apá ti ọkùnrin, òun sì fẹ́ ẹni tí òun yóò fi dánra wò. Kí n tó rí àwáwí ṣe, ó ti dúró níwájú mi. Ó na ọwọ́ òsì, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ẹni tó bí i, ó ṣojú bíi ti ẹni tí ọmọ orógùn fẹ́ bà.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Òsì ni."

Mo ti gbé èsì ọ̀rọ̀ yìí kiri láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, dé Ìbàdàn, mo tún gbé e padà wálé. Mo ti rò pé ẹnì kan ni yóò tún sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. N kò mọ̀ pé ẹnu mi ni yóò ti jáde, pé èmi ni mo ti di àgbà tí wọ́n ń na òsì sí. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí Màmá ti sọ ọ́, n kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan.

Ọmọ mi gbé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò fún mi, kò sì tú. Fún ìwọ̀nba àkókò, mo fi ẹ̀yìn rìn nínú ilé ara mi láìmọ ibi tí mò ń lọ, mo sì mọ ohun tí obìnrin yẹn bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ọ̀sán ọyẹ́ yẹn.

"Ẹ má wẹ̀yìn, Mọ́mì," ọmọ mi wí. "Mò ń wò ó fún yín."

A kò tíì dé igun àkọ́kọ́ tí mo fi wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Kò sá lọ.